Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Wá Nípa Aṣọ: Ankara, Léèsì, Átíkù, Àrán àti Àwọn Yòókù

Kí ló dé tí télọ̀ máa ń fọwọ́ pa aṣọ kó tó sọ pé òun á rán an?

Torí pé ọwọ́ ló mọ aṣọ, orúkọ tí wọ́n pè é lọ́jà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ lè rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ Ọjà Ọba l'Adó Èkìtì títí dé ìparí ẹ̀ kí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ta "sílíìkì" fún yín, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ pọliésítà. Ẹni tó tà á ò fi dandan parọ́ o, orúkọ tí wọ́n fi ta á fún òun náà ló fi ń tà á. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ò ju mẹ́rin lọ: ṣé ó ń fà, ṣé ó ń rọ̀ wálẹ̀ ni àbí ó ń dúró gbọnrangandan, ṣé ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ṣé áyọ́ọ̀nù á jó o. Tí mo bá ti mọ ìyẹn, mo ti mọ sítáì tí aṣọ yẹn máa gbà.

Kọ́tìnì, sátíìnì, krépù, ṣé irú aṣọ kan náà ni gbogbo ẹ̀?

Rárá, ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Kọ́tìnì, ṣẹ́dà, irun àgùntàn, pọliésítà, rayon, àwọn yẹn jẹ́ ohun tí wọ́n fi ṣe òwú aṣọ. Sátíìnì, krépù, ṣífọ́ọ̀nù, jọ́sì, àrán, àwọn yẹn jẹ́ bí wọ́n ṣe hun ún. Torí náà sátíìnì lè jẹ́ ṣẹ́dà, ó lè jẹ́ kọ́tìnì, ó lè jẹ́ pọliésítà, èyí tó sì pọ̀ jù lọ́jà wa ni pọliésítà.

Tí ẹ bá ń béèrè aṣọ, ẹ béèrè méjèèjì. Ohun tí wọ́n fi ṣe é ló máa sọ bóyá ẹ máa làágùn nínú ẹ̀ àti bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe hun ún ló máa sọ bó ṣe máa rí lára yín.

Yáàdì mélòó ni kí n rà?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ béèrè kí ẹ tó rà, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á tán. Bí aṣọ ṣe fẹ̀ tó ṣe pàtàkì gan-an. Ankara máa ń fẹ̀ tó ìnṣì 45 sí 47, àmọ́ krépù, kaṣimíà àtàwọn aṣọ ọkùnrin tó pọ̀ máa ń fẹ̀ tó 58 sí 60, torí náà yáàdì 3 ankara àti yáàdì 3 krépù kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá.

Èyí tí mo máa ń sọ fáwọn èèyàn rèé: gáùn ankara tí ò ní wàhálà, yáàdì 3. Bùbù, yáàdì 4 sí 5. Ìró àti bùbá léèsì, yáàdì 5, gèlè ò sí nínú ẹ̀ o. Bùbá àti ṣòkòtò ọkùnrin, yáàdì 4, tó bá wá fẹ́ fi agbádá tó kún dáadáa lé e, gbogbo ẹ̀ pọ̀ á jẹ́ yáàdì 10. Ẹni tó bá ga tàbí tó lára dáadáa á fi nǹkan kún un, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀, ìtìjú wà níbi kí apá bùbá kúrú. Tí òdòdó aṣọ bá tóbi, tàbí tó bá jẹ́ onílà tí ìlà gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu, ẹ fi yáàdì kan sí i.

Yáàdì kan jẹ́ ìnṣì 36, mítà kan lé díẹ̀ ní ìnṣì 39, ẹ mọ èyí tí wọ́n ń wọ̀n fún yín. Ẹ tún máa wo ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n. Aṣọ tó ń fà, tí wọ́n bá nà án mọ́ igi nígbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n, á padà sípò ẹ̀ kí ẹ tó délé, yáàdì 4 yín á sì di mẹ́ta àti àbọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ankara tó jẹ́ wax?

Ẹ yí i sódì. Wax ò lẹ́yìn ò níwájú, bó ṣe dán lójú kan náà ló ṣe dán lójú kejì, torí ojú méjèèjì ni wọ́n ti fi ohun tó dà bí ìda tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Èyí tí wọ́n kàn tẹ̀ láti ojú kan, ẹ̀yìn ẹ̀ á ṣá. Ẹ tún wo àárín àwọ̀ ẹ̀ dáadáa, ẹ á rí ìlà wẹ́wẹ́ níbi tí ìda ti sán tí aró wọ ibẹ̀, kò sì ní jọra níbì kan àti ìkejì. Ẹ̀rọ tó ń ṣe àfarawé wax náà máa ń ya ìlà yẹn, àmọ́ ìlà kan náà lá máa tún ara ẹ̀ ṣe.

Ẹ má gbára lé ohun tí wọ́n kọ sí etí aṣọ. Àwọn ará Indonéṣíà ló ni iṣẹ́ ìda yìí níbẹ̀rẹ̀, àwọn òyìnbó Hòlándì wá fi ẹ̀rọ ṣe é, Vlisco tó wà ní Helmond ti wà láti 1846, èyí táwọn ìyá wa ń pè ní Hollandis nìyẹn. Torí pé orúkọ yẹn ń tajà, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ ọ̀rọ̀ òyìnbó sétí aṣọ tiẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ ni kí ẹ wò.

Èyí tí kì í ṣe wax kì í ṣe aṣọ burúkú o. Aṣọ ọmọdé tí á kéré mọ́ ọn láàárín oṣù mẹ́fà, kí lẹ fẹ́ fi wax olówó iyebíye ṣe?

Ó ní kọ́tìnì ni, mi ò gbà á gbọ́. Báwo ni mo ṣe lè dán an wò?

Ẹ fi iná dán an wò. Ẹ fa òwú díẹ̀ yọ létí aṣọ, ẹ fi nǹkan onírin mú un, ẹ gbé àwo olómi sísàlẹ̀, kí ẹ wá ṣá iná sí i, kó má sí ọmọdé nítòsí àti pé ibi tí atẹ́gùn ń gbà ni kí ẹ ti ṣe é. Kọ́tìnì á jó bí ìwé, á máa rùn bí ìwé tó ń jó, eérú ẹ̀ á rọ̀. Pọliésítà á yọ́, èéfín ẹ̀ lè dúdú, á wá kóra jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré líle tí ẹ ò lè fọwọ́ fọ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án lójú ẹsẹ̀ o, ó máa ń lẹ̀ mọ́ awọ. Ṣẹ́dà àti irun àgùntàn á máa rùn bí ìgbà tí irun orí bá jó.

Tó bá jó bí ìwé tó tún fi kókó líle sílẹ̀, àdàlù ni, àdàlù ló sì pọ̀ jù níta báyìí. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣáá ti mọ ohun tí ò ń sanwó fún.

Rayon ló máa ń tan èèyàn, torí òun náà ń jó bí ìwé. Òun ẹ rẹ òwú ẹ̀ sómi kí ẹ fà á. Rayon máa ń já wẹ́rẹ́ tó bá tutù, kọ́tìnì tutù máa ń yi sí i ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ máa fún gáùn rayon bí ẹni ń fún tówẹ́ẹ̀lì.

Léèsì pọ̀ jù, èwo ni èwo?

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣiṣẹ́ lé lórí. Tó bá jẹ́ kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lu ihò sí tí wọ́n wá fi òwú ká ihò yẹn, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní dírẹ́ẹ̀ léèsì nìyẹn, ó gba atẹ́gùn, ó ṣeé fọ̀, bàbá ìyàwó lè wọ̀ ọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kó má sì bínú sẹ́nikẹ́ni. Tó bá jẹ́ àwọ̀n ni wọ́n ṣiṣẹ́ lé, Fíréńsì léèsì ni. Tó bá jẹ́ aṣọ tó le tó sì ń tàn yòò, ọ̀gánsà ni, ó máa ń yún èèyàn lára, ẹ jẹ́ kí n fi láínìn sí i.

Kọ́ọ̀dù léèsì ní tiẹ̀ ò ní aṣọ kankan nísàlẹ̀ iṣẹ́, òdòdó ló di òdòdó mú. Orí aṣọ kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ yẹn, wọ́n á wá jẹ́ kí aṣọ ìsàlẹ̀ yọ́ dànù, iṣẹ́ nìkan lá ṣẹ́ kù. Ó wúwo, ó sì lówó lórí. Ẹ ò lè kàn gé e bí ankara, ẹ̀gbẹ́ òdòdó ni wọ́n ń gé tọ̀, torí náà tí télọ̀ yín bá pe owó iṣẹ́ tó ga díẹ̀, ẹ rọra dá a lóhùn.

Èyí tí wọ́n ń pè ní Ọ́síríà tàbí Súwíìsì, wọ́n ń ṣe é lóòótọ́ níbẹ̀. Ìlú kan wà ní Ọ́síríà tó ń jẹ́ Lustenau, léèsì àwa Yorùbá ni wọ́n fi jẹun níbẹ̀ láti nǹkan bí 1960 sókè. Àmọ́ orúkọ ìlú yẹn ti di orúkọ ọjà, kì í ṣe gbogbo ohun tó ń jẹ́ Súwíìsì ló wọ bàálù láti Switzerland.

Aṣọ òkè ńkọ́? Ṣé mo lè fi rán gáùn?

Ẹ lè fi rán an, kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n hun tí wọ́n wá rán pọ̀. Ìdí rírán yẹn ló máa ń kọ́kọ́ ya tí gáùn bá fún jù níbàdí. Mo máa ń fi gọ́ọ̀mù sítéè, èyí tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ aṣọ kó lè le, lẹ ẹ̀yìn ẹ̀ kí n tó gé e, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnu ẹ̀ á máa tú bí apẹ̀rẹ̀ tó gbó.

Àwọn ògbólógbòó mẹ́ta tí wọ́n máa ń dárúkọ ni sányán, àlàárì àti ẹtù. Sányán, òwú kòkòrò inú igbó ni wọ́n fi ń hun ún, àwọ̀ ẹ̀ ò funfun kò pupa. Àlàárì ló pupa. Ẹtù ni aláró dúdú tí ojú ẹ̀ ń ta wínníwínní bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù. Ojúlówó sányán ti ṣọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ń rí lónìí tí wọ́n ń pè ní sányán, àwọ̀ ẹ̀ nìkan ló jẹ́ sányán, rayon tàbí pọliésítà ló wà nínú ẹ̀.

Níbi tiwa ní Èkìtì, àwọn obìnrin ló ń hun kíjìpá, orí òfì tí wọ́n gbé dúró mọ́ ògiri, kì í ṣe èyí táwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn ń jókòó sí. Kíjìpá fẹ̀ ju aṣọ òkè tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lọ, ó nípọn, ó sì lágbára. Àwọn àgbà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, òfì laṣọ àgbà. Èmi ò bá wọn ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn. Tí ìyá yín bá ṣì ní kíjìpá nínú àpótí, ẹ má jẹ́ kó fi nu ilẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì tó máa bá yín pẹ́ wà nínú ẹ̀.

Àdìrẹ àti kampala, ṣé dandan ni kó ṣí?

Aláró, bẹ́ẹ̀ ni, á ṣí díẹ̀. Aró elú kì í wọ inú òwú tán, ara òwú ló máa ń dúró sí, torí náà á máa ra mọ́ ọrùn, mọ́ báàgì, mọ́ àga ẹlòmíì. Ẹ fi omi tútù nìkan fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó gbé e wá, kí ẹ sì sá a sábẹ́ ibòji.

Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ká fi iyọ̀ rẹ ẹ́. Mo ti ṣe é, iyọ̀ wúlò nígbà tí wọ́n bá ń fi irú aró kan pa aṣọ láró lọ́wọ́, àmọ́ aṣọ tí wọ́n ti pa láró tán, iyọ̀ ò lè de aró mọ́ ọn mọ́. Omi tó mọ́ lẹ ń wá. Ẹ má sì fi pọ̀ mọ́ aṣọ funfun nínú ìfọṣọ o, ẹ̀yin lẹ máa dá ara yín lẹ́bi.

Átíkù, kaṣimíà, gínì: èwo ni kí ọkọ mi rà?

Ó wà lọ́wọ́ ohun tó fẹ́ rán. Gínì tó ń dán tó sì ń ró pàpàpà, agbádá ló bá mu, torí ó máa ń dúró, èjìká ẹ̀ kì í rẹ̀ sílẹ̀. Átíkù rọ̀ jù ú lọ, ó dáa fún sẹ́nétọ̀ àti bùbá ojúmọ́. Kaṣimíà tí wọ́n ń tà láti fi rán ṣòkòtò àti kaftan, ẹ má fi orúkọ ẹ̀ dára yín lójú, irun ewúrẹ́ ni kaṣimíà gidi, kò sì sí ẹni tó máa ta irun ewúrẹ́ yẹn fún yín ní iye tí wọ́n ń tà á ní Ọjà Bísí. Pọliésítà àti àdàlù ló pọ̀ níbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ dáadáa, kì í tètè rún.

Ṣé ẹ lè rán sítáì tó wà lórí fóònù mi yìí?

Sítáì náà ṣeé rán, ìbéèrè ni bóyá aṣọ tí ẹ gbé wá gbà á. Ọmọbìnrin inú fọ́tò yẹn, krépù tó ń fà ló wọ̀, ẹ wá gbé dámáàsìkì wá. Dámáàsìkì kì í fà. Tí mo bá fi rán gáùn tó mọ́ra bíi ti fọ́tò láìsí síìpù àti láìsí dáàtì lábẹ́ ọyàn, ẹ ò ní lè gbọ́wọ́ sókè kí Olúwa.

Ẹ dì í mú níbi méjì kí ẹ fà á síbùú. Tó bá lọ tó tún padà, aṣọ tó ń fà ni, ó lè mọ́ra. Tó bá lọ tí kò padà, ẹ sá fún un, ìdí ẹ̀ á yọ bí àpò níbi tí ẹ bá ti jókòó. Tí kò bá lọ rárá, sítáì tó ní àyè ni kí ẹ wá: bùbù, ìró àti bùbá, síkẹ́ẹ̀tì tó ya. Ẹ tún gbé e sókè kó so rọ̀. Èyí tó ń wọ́ wálẹ̀ bí omi ló dáa fún gáùn tó ń ṣàn, èyí tó dúró bí páálí ló dáa fún apá tó wú àti síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀.

Ṣé gbogbo aṣọ ló nílò láínìn?

Rárá. Ankara tó nípọn ò nílò ẹ̀ àyàfi tí ẹ bá fẹ́. Léèsì, ṣífọ́ọ̀nù, àti ohunkóhun tí ẹ bá gbé sójú oòrùn tí ẹ rí ọwọ́ yín lódì kejì, nílò ẹ̀. Láínìn kọ́tìnì ni kí ẹ bèèrè tó bá jẹ́ aṣọ òde ọ̀sán, láínìn pọliésítà máa ń mú ooru, á sì máa lẹ̀ mọ́ itan lásìkò ọyẹ́.

Gọ́ọ̀mù sítéè ò jọ láínìn o. Òun ni wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ kó lè le, ọrùn, kọ́là, bẹ́líìtì. Tó bá jẹ́ pé ọrùn aṣọ yín ń wú kúbúkúbú lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́, òun ló ṣí kúrò lára aṣọ, ooru tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ni kò tó.

Abẹ́rẹ́ wo ni kí n lò? Maṣíìnì mi ń fo òwú.

Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ kí ẹ tó pe oníṣẹ́ maṣíìnì. Nọ́ńbà 9 tàbí 11 fún ṣífọ́ọ̀nù àti aṣọ fẹ́lẹ́. 14 fún ankara, átíkù, gínì. 16 fún kàkí àti jíǹsì, 18 tó bá nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún jọ́sì àti aṣọ tó ń fà, abẹ́rẹ́ tí ẹnu ẹ̀ rí roboto ni, ìyẹn máa ń gba àárín òwú kọjá dípò kó gún un. Abẹ́rẹ́ ankara lórí jọ́sì ló ń fa fífò yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì tún ń lu ihò sáṣọ.

Abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun ogún. Tó bá ti ń dún kọ́kọ́kọ́ nígbà tó bá ń wọlé, ó ti kú.

Ṣífọ́ọ̀nù àti sátíìnì ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ tí mo bá ń gé e, kí ni kí n ṣe?

Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ ẹ̀, ẹ fi píìnì mú aṣọ àti ìwé pọ̀, kí ẹ gé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Sísọ́ọ̀sì tó mú ni o. Ẹ fi píìnì sínú àyè tí ẹ máa rán mọ́nú nìkan, torí ihò píìnì lára sátíìnì kì í di. Ọmọṣẹ́ tó bá ń kánjú, ẹ má gbé ṣífọ́ọ̀nù fún un.

Báwo ni kí n ṣe lọ aṣọ wọ̀nyí?

Kọ́tìnì àti ọ̀gbọ̀ gba ooru tó pọ̀, kódà ó dáa kó tutù díẹ̀. Rayon, ooru àárín. Pọliésítà, sátíìnì, ṣífọ́ọ̀nù, ooru kékeré, ẹ lọ̀ ọ́ lódì kí ẹ sì tẹ́ aṣọ míì lé e. Mo ti fi áyọ́ọ̀nù lẹ àyà gáùn sátíìnì kọ́sítómà kan mọ́lẹ̀ rí, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo ní kí n tètè lo iná kí wọ́n tó mú un lọ. Mo san owó aṣọ náà. Látìgbà yẹn ìṣẹ́tí lẹ́yìn ni mo ti máa ń kọ́kọ́ gbé áyọ́ọ̀nù lé.

Ó bá mi mu nígbà tí mo gbà á, mo fọ̀ ọ́, ó ti fún. Ṣé ẹ̀bi télọ̀ ni?

Kọ́tìnì ló ń sún kì, pàápàá tí wọn ò bá rẹ ẹ́ sómi kí wọ́n tó gé e. Tí aṣọ bá sún kì 3 nínú 100, gáùn tí ìdí ẹ̀ jẹ́ ìnṣì 50 á dín ní ìnṣì kan àbọ̀, ẹ sì mọ ohun tí ìnṣì kan àbọ̀ lè ṣe láyìíká ìdí. Ẹ rẹ kọ́tìnì, àdìrẹ àti ọ̀gbọ̀ sómi, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ wá gbé e wá. Àmọ́ ẹ máa ń gbé aṣọ wá lọ́jọ́ Tuesday pé ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ ní Saturday, ìgbà wo la fẹ́ rẹ ẹ́?

Àrán ńkọ́? Kí ló dé tí ìdajì gáùn mi dúdú ju ìdajì kejì lọ?

Àrán ní irun, irun náà sì kọjú síbì kan. Ẹ fọwọ́ ra á lọ, á dán, ẹ ra á padà, á di dúdú. Gbogbo ègé gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà, ẹni tó bá gé iwájú sókè tó gé ẹ̀yìn sísàlẹ̀ kó lè ṣọ́ aṣọ ná, aláwọ̀ méjì ló rán yẹn, kò sì sí àtúnṣe. Ẹ fi ìdajì yáàdì kún un tí ẹ bá ń ra àrán. Ẹ má tẹ áyọ́ọ̀nù lé ojú ẹ̀, ooru omi láti ẹ̀yìn ni.

Gáùn mi ń yí, ìdí rírán ẹ̀gbẹ́ ti wá síwájú. Kí ló fà á?

Wọ́n gé e wọ́. Òwú kan ń bá etí aṣọ lọ ní gígùn, ìkejì dábùú ẹ̀, àárín gáùn gbọ́dọ̀ bá èyí tó lọ ní gígùn rìn. Tí télọ̀ bá fẹ́ kó jáde látinú yáàdì méjì àbọ̀ tó wá dà á kọ́rọ́kọ́rọ́, gáùn á rọ̀ sí ọ̀nà tí òwú ń lọ. Nígbà míì aṣọ fúnra ẹ̀ ló wọ́ láti ilé iṣẹ́, ẹ máa rí i lára ankara tí ìlà ẹ̀ ò bá etí ẹ̀ mu. Ìyẹn ẹ máa dá a padà fún ẹni tó tà á kí ẹnikẹ́ni tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án.

Báyásì yàtọ̀, ìyẹn jẹ́ gígé láti igun dé igun pẹ̀lú ìmọ̀ọ́mọ̀. Aṣọ tí kì í fà máa ń fà díẹ̀ tí wọ́n bá gé e báyásì. Kó so rọ̀ di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó ṣẹ́tí ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ á gùn lápá kan.

Epo ọbẹ̀ kán sí léèsì funfun mi níbi ìnáwó.

Kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe é, a ò lè torí léèsì kí a má jẹ uyán l'Ékìtì. Ẹ má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ má sì fọwọ́ ra á. Ẹ fi ṣíbí ha èyí tó wà lókè kúrò, ẹ da páúdà sí i kó mu epo, ẹ gbọ̀n ọ́n nù, ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ ló kàn. Tí àwọ̀ pupa bá ṣẹ́ kù lára kọ́tìnì funfun, ẹ sá a sóòrùn, oòrùn máa ń pa àwọ̀ epo pupa. Ẹ má lọ̀ ọ́ títí á fi kúrò. Bílíìsì ò sì gbọ́dọ̀ kan ṣẹ́dà, irun àgùntàn, tàbí aṣọ tó ń fà.

Aṣọ ẹbí tán, a rí irú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù míì. Kí ló dé tí kò bára mu?

Kì í ṣe inú aró kan náà ni wọ́n ti jáde. Orúkọ kan náà, òdòdó kan náà, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n pa eléyìí láró kọ́ ni wọ́n pa tọ̀hún. Iná inú ṣọ́ọ̀bù ló tún ń dá kún un, aṣọ méjì lè bára mu lábẹ́ gúlóòbù kí wọ́n jáde síta kí wọ́n di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ gbé ègé ti tẹ́lẹ̀ dání lọ sọ́jà, ẹ gbé méjèèjì jáde síta lójú ọ̀sán.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀ báyìí, ẹ má pín in láàárín ẹni kan, bíi kí ìró jẹ́ ti àkọ́kọ́ kí bùbá jẹ́ ti ìkejì. Ẹ fi aṣọ tuntun yẹn rán odindi fún àwọn tó máa jókòó sí tábìlì tiwọn. Tí wọn ò bá dúró ti ara wọn ya fọ́tò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Tí aṣọ bá bàjẹ́, ta ló máa san owó ẹ̀: èmi, télọ̀, àbí ẹni tó tà á?

Ó wà lọ́wọ́ ibi tó ti bàjẹ́. Tó bá kéré torí ìwọ̀n, tó jóná, tí wọ́n gé àrán sódì, tí wọ́n gé e wọ́, ti télọ̀ ni. Tó bá ní ihò, tó wọ́ láti ilé iṣẹ́, tí yáàdì ẹ̀ ò pé, ti ẹni tó tà á ni, àmọ́ kí wọ́n tó gé e nìkan lo lè sọ ọ́, torí kò sí oníṣọ́ọ̀bù tó máa gba ègé apá padà. Èyí ni mo ṣe máa ń tú aṣọ ká wọ̀n ọ́n lójú kọ́sítómà, kódà tó bá ń kánjú.

Èyí tó le ni aṣọ tó ṣí tàbí tó sún kì lẹ́yìn ìfọ̀. Télọ̀ á ní òun sọ fún ẹ kó o rẹ ẹ́, ìwọ á ní kò sọ fún ẹ. Tí mo bá gbàgbé láti sọ, èmi àti kọ́sítómà máa ń pín in, mo máa ń dá owó iṣẹ́ padà, òun á fara mọ́ owó aṣọ. Àwọn télọ̀ míì ò gbà bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè tiwọn kí ẹ tó gbé aṣọ sílẹ̀.

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe máa ń gé ìnṣì méjì péré létí aṣọ tí mi ò bá mọ̀ dájú, mo máa ń fọ̀ ọ́, mo máa ń lọ̀ ọ́, mo máa ń fi píìnì kọ́ ọ mọ́ ìwé ìwọ̀n yín. Tí ẹ bá rí i níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé mo jí aṣọ yín gé.